Ẹran ni àbí Ẹja?

Ní Ìgàndó, nígbà tí ọ̀nà tó wá láti Ìkọ̀tún ṣì kún fún kòtò àti ẹrẹ̀, obìnrin kan wà tó ń fi ahọ́n yan oúnjẹ ajá. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Kí ó rín in tán, mo lè dúró dè é. Sìdíkátù ni orúkọ obìnrin náà, Ìyá Àdíját ni gbogbo wa ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni. Mùsùlùmí ni òun, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni èmi, ṣùgbọ́n ìlú kan náà ló bí wa, ìyẹn sì tó láti sọ èèyàn méjì di ẹbí ní Èkó.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi fara kan ara wọn. Òun ń ta fíìdì, ìyẹn oúnjẹ adìyẹ àti ti ajá. Èmi ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ lẹ́tà fún àwọn èèyàn, mo sì ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù. Zacchaeus Babárìndé ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, mo sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí òyìnbó tí wọn kì í gbé wá bá mi: ìwé kóòtù, ìwé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ara ìgò oògùn. Mo máa ń dá wọn lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí n kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, mo máa ń dá wọn lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àìsàn tó ń ṣe mí nìyẹn, òun ló sì fa ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kì í ṣe ọjọ́ tí Ìyá Àdíját bẹ̀rẹ̀ òwò ló ti ń tọ́ ọjà wò. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí fíìdì, ó ra ẹja lílọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Dòpèmú, ó pò ó mọ́ oúnjẹ adìyẹ, ó sì tà á fún Ìyá Esther, opó kan tó ń sin adìyẹ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkùnrin yẹn ti da iyọ̀ àti iyanrìn mọ́ ẹja náà kí ó lè wúwo. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, òròmọdìyẹ Ìyá Esther ti kú tán. Obìnrin náà kò wá bá a jà. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń sunkún láìpariwo. Ìyá Àdíját sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé èébú ì bá sàn fún òun ju ẹkún yẹn lọ. Láti ọjọ́ náà, àpò kankan kò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ó yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú abọ́ funfun tí omi wà nínú rẹ̀. Iyanrìn yóò rì lọ sísàlẹ̀, èèpo àgbàdo àti dúsà, ìyẹn ìyàngbò ọkà, yóò léfòó, yóò sì wò ó bóyá omi náà pọ́n jù. Lẹ́yìn náà ni yóò mú hóró kan sẹ́nu. Yóò dijú, yóò rún un díẹ̀díẹ̀, yóò tu ú dànù, yóò fi omi inú búùtà rẹ̀ yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì dájọ́. "Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀." "Àgbàdo inú ẹ̀ ti bu." "Kúlíkúlí ni wọ́n rọ́ síbẹ̀, wọ́n wá ń pè é ní ẹja. Olè!" N kò rí ọjọ́ kan tí ahọ́n yẹn ṣì í lọ́nà. Àwọn tó ń ta fíìdì ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìyànà Ìpájà máa ń gbé tiwọn wá kí ó bá wọn tọ́ ọ wò, a sì máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Oúnjẹ adìyẹ ni ó ń tà ní tirẹ̀. Àwọn olè ló sọ ọ́ di oníoúnjẹ ajá. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1987, àwọn èèyàn ti ń kọ́lé sí gbogbo ibi tó ti jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn adigunjalè sì ń bá wọn níbẹ̀. Onílé kọ̀ọ̀kan wá lọ ra ajá òyìnbó, àwọn onírun wùúkú wọ̀nyẹn. Ajá òyìnbó kì í fojú kan ẹ̀bà àná. Bó bá sì jẹ ẹ́, irun ara rẹ̀ yóò máa re. Bí oúnjẹ ajá gbígbẹ, èyí tí wọ́n ṣe ní hóró-hóró sínú àpò, ṣe wọ Alímọ̀ṣọ́ nìyẹn. Àwọn kan ń ti ìlú òyìnbó wá, wọ́n ń ṣe àwọn mìíràn ní Ìbàdàn, àwọn kan sì wà tí kò sí ohunkóhun lára àpò wọn àfi àwòrán ajá kan tó ń yọ ahọ́n.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Ìyá Àdíját kò fẹ́ràn ajá rárá. Bí oníbàárà bá fa ajá wá, yóò sá sẹ́yìn tábìlì, yóò sì ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ fà á sẹ́yìn jàre! Mo ti ṣe àlùwàlá." Obìnrin tí kò fọwọ́ kan ajá rí láyé rẹ̀ ni gbogbo ajá láti Ìkọ̀tún dé Akọ̀wọ́njọ̀ ń jẹun lábẹ́ ìdájọ́ rẹ̀.

Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Ẹran tí wọn kò pa bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé yóò tu ú dànù ni. Ẹja kò ní wàhálà, nítorí ẹja kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn án lọ́rùn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti já àpò tuntun sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ni n óò gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri:

"Akọ̀wé! Wá wo ara àpò yìí fún mi. Ẹran ni àbí ẹja?"

Bí mo bá ní ẹran ni, yóò fi mọ sí omi inú abọ́ àti òórùn. Bí mo bá ní ẹja ni, á gbé e sẹ́nu. Ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà, n kò sì rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

A jọ kọ́ iṣẹ́ yẹn ni. Inú ìwé pélébé kan tí ó bọ́ láti inú àpò la ti rí i pé ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà. Inú Ìyá Àdíját dùn sí èyí lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ó yé mi! Ẹni àkọ́kọ́ ni onílé, àwọn tó kù ayálégbé ni." Láti ìgbà náà, yóò to àpò mẹ́ta sórí bẹ́ǹṣì, èmi yóò máa kà, òun yóò máa dájọ́. "Àgbàdo ni onílé níbí? Àgbàdo la fẹ́ fi ṣọ́lé lọ́wọ́ olè ni? Gbé e sẹ́yìn." Bó bá jẹ́ pé ẹja ni onílé, tí àgbàdo jẹ́ ayálégbé kejì, tí dúsà wà lẹ́yìn pátápátá, yóò mi orí pé ó dára.

Ọ̀rọ̀ eérú tún wà níbẹ̀. Lára àpò kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ ASH, wọ́n á sì kọ iye rẹ̀ sí i. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe rí i: eérú ni. Ìyá Àdíját figbe ta.

"Eérú kẹ̀! Eérú ìdí àdògán? Wọ́n ń bu eérú sóńjẹ?"

Alhaji Sàlámì, onílé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tó ní ajá méjì, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti fura sí àwọn òyìnbó yìí tipẹ́. Bó ṣe di pé ẹni tó bá wá ra oúnjẹ ajá lọ́dọ̀ wa ń béèrè èyí tí eérú rẹ̀ kéré nìyẹn. Ìgbà tó yá la gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bu eérú sí nǹkan kan. Iye tí yóò ṣẹ́kù bí wọ́n bá sun oúnjẹ náà jóná ni wọ́n ń wí, bí eegun bá sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, eérú náà á pọ̀. Èyí tí eérú rẹ̀ kéré ló dára jù lóòótọ́! Ẹ ò rí i bí orí ṣe ń ti èèyàn sínú ìgbéraga? Mo ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀, ó tún bọ́ sí i.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1990 ni àpò aláwọ̀ ewé kan dé, láti ìlú òyìnbó. Ìyá Àdíját pè mí. Alhaji Sàlámì wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú oníbàárà mìíràn kan. Mo tẹ̀ wo ara àpò náà. PORCINE MEAL ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, òun ni onílé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbàdo, lẹ́yìn náà ni ìrẹsì.

N kò rí ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé mi.

Ẹ wò ó, mo lè sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Àmọ́ ojú mẹ́fà ló ń wò mí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi wà níta tí gbogbo ayé ń rí i, orúkọ mi sì ni Akọ̀wé. Mo rántí àwòrán kan nínú ìwé tí a kà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹja ńlá dúdú kan tó ń fò sókè lójú òkun. Pọ́pọ́ìsì, PORPOISE, ni wọ́n pè é. Ó jọ ọ́, àbí kò jọ ọ́?

"Ẹran ni àbí ẹja?" ni Ìyá Àdíját tún bi mí.

"Ẹja ni," ni mo wí. "Ẹja òkun ńlá kan báyìí. Kò sí ní tiwa níbí. Pọ́pọ́ìsì lorúkọ ẹ̀."

Ó mú hóró kan sẹ́nu. Ó dijú. Ó pẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ó tó tu ú.

"Ẹja yìí mà sanra o!" ó wí. "Kò níyọ̀, kò níyanrìn. Akọ̀wé, èyí gan-an loúnjẹ."

Ìdájọ́ rẹ̀ kò ṣì. Oúnjẹ tó dára ni. Láàárín oṣù méjì, irun ara àwọn ajá Alhaji Sàlámì ń dán. Ó sọ fún àwọn onílé ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń wọ́ wá láti Ìdímù àti Akọ̀wọ́njọ̀ pé àwọn fẹ́ ti pọ́pọ́ìsì. Èmi a sì máa ṣàlàyé fún wọn bí ẹja náà ṣe ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀, tí ó ń fọ́mọ lọ́mú, tí ọgbọ́n rẹ̀ sì jọ ti èèyàn. Àràárọ̀ Sátidé ni àpò tuntun ń dé. Àràárọ̀ Sátidé, fún ọdún méjì, Ìyá Àdíját ń tọ́ ọ wò bóyá wọ́n ti yí i padà, ó ń tu ú, ó ń yọ ẹnu, ó sì ń lọ kírun.

Ní ọdún 1992, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ilésanmí, dókítà ẹran ọ̀sìn, ń wá sí àdúgbò wa láti gún ajá lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ Tọ́sìdé kan ni ó dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi kí n bá a tẹ lẹ́tà. Ìyá Àdíját ti lọ sí ọjà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pọ́pọ́ìsì fún un, bí mo ti máa ń ṣe. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣàwàdà.

"Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pè ní porcine o."

Mo fi í ṣẹ̀sín. Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ka ìwé tó. Ó rẹ́rìn-ín, kò bá mi jiyàn, ó gba lẹ́tà rẹ̀, ó lọ. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá lọ́dọ̀ ọ̀gá iléèwé kan tí mo mọ̀, mo ní kí ó bá mi gbé ìwé atúmọ̀ èdè. Ìlà kan péré ni wọ́n fi sí i. Ẹlẹ́dẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, ọ̀gá iléèwé sì ń bi mí bóyá n óò mu omi.

Kí ó tó yé yín dáadáa, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń bọ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí Ìyá Àdíját ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, wọ́n ti yàn án ní Ìyá Àdínì, olórí gbogbo àwọn obìnrin ibẹ̀. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìwúyè rẹ̀: ó ku oṣù kan. Obìnrin tó ń ta fíìdì, tí eruku àgbàdo kì í kúrò nínú irun rẹ̀, òun ni wọ́n fẹ́ wé láwàní fún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu bí ó ti ń gbálẹ̀, n kò sì gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí kí ìgbà yẹn tó dé. Ṣé èmi ni n óò wá sọ fún un pé ó ti ń fi ẹlẹ́dẹ̀ sẹ́nu láti ọdún méjì, pé èmi Akọ̀wé ni mo bù ú fún un?

Mo bẹ Ilésanmí kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Mo ti gbọ́ sà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo sáré jáde kí ó tó pè mí. Mo ní eérú àpò yìí ti lọ sókè, kí ó má tọ́ ọ wò, kí ó dá a padà. Ó ní, "Eérú kọ́ làmì àìdára nìkan. Jẹ́ kí n mọ ohun tí ahọ́n máa wí." Ó tọ́ ọ wò lójú mi. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, bóyá ojú mi ló ń fẹ́ gíláàsì.

Ní Sátidé kejì, mo jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń tẹ ìlà kan náà léraléra sórí bébà kí ariwo ẹ̀rọ má jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Mo gbọ́ ọ náà ni. Mo gbọ́ bí ó ṣe tu ú, mo gbọ́ omi búùtà.

Ní Sátidé kẹta, mo ti múra láti sọ ọ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé oníbàárà kan ló wọlé tí n kò fi lè sọ ọ́ mọ́. Irọ́ ni. Kò sí oníbàárà kankan. Èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀, ó mú hóró sẹ́nu, mo sì ń wò ó.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ó wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti wẹ̀, ó de gèlè tuntun, ó fa àga, ó jókòó. Mọ́ṣáláṣí ní kí ẹni tí wọ́n fẹ́ wé láwàní fún mú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wá, kí wọ́n lè kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn èèyàn lọ́jọ́ ìwúyè. Ó ní òun kò mọ ẹlòmíràn tó lè bá òun kọ ọ́.

Inú mi bàjẹ́, inú mi sì dùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi bébà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ń sọ, mo ń tẹ̀. Ó sọ nípa abúlé tí wọ́n bí i sí lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Ó sọ nípa Nùrẹ́nì ọkọ rẹ̀, bíríkìlà tó mú un wá sí Èkó, tó kú láìrí àǹfààní ilé kankan nínú gbogbo ilé tó kọ́. Ó sọ nípa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Àdíját. Ó sọ nípa òròmọdìyẹ Ìyá Esther, ó ní kí n má yọ ọ́, nítorí àṣìṣe òun ni. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, hàráámù kankan ò kan ẹnu mi rí. Ìyẹn nìkan ni mo lè fi yangàn, Akọ̀wé. Mi ò lówó, mi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹnu mi mọ́."

Ọwọ́ mi dúró sórí ẹ̀rọ.

Ó rò pé mi ò gbọ́. Ó tún un sọ. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo yíjú sí i, mo ní, "Mà, pọ́pọ́ìsì yẹn, kì í ṣe ẹja." Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ bí n kò ṣe mọ ọ̀rọ̀ náà, mo sọ ohun tí Ilésanmí wí, mo sọ ìlà kan tí mo rí nínú ìwé. Nígbà tí mo pe ẹlẹ́dẹ̀, ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, kò sì gbé e kúrò títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

Mo ní, "Tọ́sìdé kan ni, mà. Ó ti tó ọjọ́ méjìdínlógún."

Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ka Sátidé lórí ìka. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ó wo ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, lẹ́yìn náà ó wò mí, ó dìde, ó sì jáde. Bébà tó ti kún dé ìdajì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ.

Àdíját ló sọ ohun tó tẹ̀ lé e fún mi, nígbà tí ó wá gba bébà náà. Ọ̀dọ̀ Lémọ́mù Sàkàrìyáù ni ìyá rẹ̀ gbà lọ lọ́jọ́ náà, ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní oyè náà. Lémọ́mù gbọ́ ọ tán, ó ní ẹni tí kò mọ̀ kò lẹ́ṣẹ̀, pé ó béèrè kí ó tó fi sẹ́nu, wọ́n sì dáhùn, kí ni ìbá tún ṣe? Ó ní kí ó lọ yọ ẹnu, kí ó sì múra ìwúyè. Kò dárúkọ mi. Àdíját ní ìyá òun náà kò dárúkọ mi níbẹ̀, "ẹnì kan" ló pè mí.

Mo lọ síbi ìwúyè. Mo dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ibi tí wọ́n bọ́ bàtà sí. Wọ́n wé láwàní fún un, ó sì yẹ ẹ́. Akọ̀wé mọ́ṣáláṣí ka ìtàn rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ ni, mo mọ̀ wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan. Ó kà á dé ibi òròmọdìyẹ Ìyá Esther, ó dúró níbẹ̀, ó sì ṣàdúrà. Lémọ́mù ti ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ nípa ẹnu mímọ́ yẹn sí i, pé òótọ́ ni lójú Ọlọ́run. Ìyá Àdíját fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má fi sí i.

Ẹ̀yin lè máa rò pé ó bá mi jà. Ì bá jẹ́ pé ó bá mi jà ni! Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi jù mí lọ, "ìwọ" ló sì ti ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti pàdé. Láti ọjọ́ kejì ìwúyè ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé. Ẹ kú iṣẹ́." Ẹ̀ẹ́! Bí ẹni tó ń kí àlejò. Mo ń dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ń dá mi lóhùn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó sì ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. "Ẹ" kan ṣoṣo yẹn dùn mí dé egungun. Kò ta ti àpò aláwọ̀ ewé mọ́. Ó sọ fún àwọn oníbàárà pé kì í ṣe ẹja, pé ẹlẹ́dẹ̀ ni, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ lọ rà á níbòmíràn. Alhaji Sàlámì wá, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Ó tó oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ Sátidé kan, mo ń kún fọ́ọ̀mù fún obìnrin kan, mo gbọ́ ohùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Akọ̀wé! Wá bá mi wo nǹkan."

Ó ní "wá". Mo fi fọ́ọ̀mù obìnrin náà sílẹ̀, mo sáré lọ.

Àpò tuntun kan ni, láti Ìbàdàn. Oníbàárà méjì ń dúró. Ó gbé e ka orí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n kà á láti orí dé ìdí. Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹja lílọ̀ ni onílé. Àgbàdo. Sóyà. Eegun lílọ̀. Mo dé ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo pè é lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkàn mi, kò jọ ohunkóhun. Àwọn oníbàárà ń wò mí.

"N kò mọ èyí, mà," ni mo wí.

Ó fún mi ní ègé ẹfun kan. Ó ní, "Sàmì sí i. Ilésanmí ń bọ̀ lọ́sàn-án."

Mo sàmì sí i. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi, ó wo ohun tó rì àti ohun tó léfòó. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó sì nu ọwọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ní, "Ìyá, ẹja ni wọ́n mà kà yẹn. Ẹ ò ní tọ́ ọ wò ni?"

"Rárá," ó wí. "Ahọ́n mi ti fẹ̀yìn tì."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín in. Nínú gbogbo Alímọ̀ṣọ́, n kò mọ ẹlòmíràn tó lè fi hóró kan ṣoṣo mọ ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú àpò. Ó ti gbé iṣẹ́ yẹn jù sílẹ̀, ó sì ń fi omi wò ó bí ẹni gbogbo.

Nígbà tí àwọn oníbàárà lọ tán, mo ṣì dúró níbẹ̀. Ó ń di ẹnu àpò, kò wojú mi.

"Ọdún méjì yẹn," ó wí, "ìwọ náà ò mọ̀. Mo ti fi í fún Ọlọ́run, kò sí lọ́kàn mi mọ́. Sátidé mẹ́ta yẹn, Akọ̀wé. Ìyẹn ni mi ò rí ibi gbé sí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ó fa àpò kejì sórí bẹ́ǹṣì, ó yí ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí sọ́dọ̀ mi.

"Kà á," ó wí. Mo kà á.